Àpò Ẹ̀wù Mi Tó Wà Lábẹ́ Ìrọ̀rí Ìyá Ìyàwó Mi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wá orúkọ mi kiri. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni mí, iṣẹ́ tíṣà ni mò ń ṣe, Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti gbé ìyàwó. Ẹ jẹ́ kí ìyẹn tó yín. Ẹrù kan wà lọ́rùn mi tó ti lé lọ́dún mẹ́wàá. Mi ò sọ ọ́ fún ìyàwó mi, mi ò sọ ọ́ fún ìyá tó bí mi. Lórí ìrun pàápàá, tí mo bá dé ibi tí èèyàn ti ń tọrọ àforíjìn, ńṣe ni mo máa ń sáré kọjá ibẹ̀.

Ohun tó mú kí n sọ ọ́ báyìí ni pé ìyá ìyàwó mi ń ṣàìsàn. Àìsàn náà kì í ṣe èyí tí a ó máa tan ara wa pé ó máa lọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Ìyá pe gbogbo ọmọ wọn jọ, wọ́n sọ wàsíyà, ìyẹn ohun tí wọ́n fẹ́ ká ṣe lẹ́yìn tí wọ́n bá lọ. Orí mi ni wàsíyà náà já lé. Láti ọjọ́ yẹn, mo ń kọ nǹkan sójú pátákó tí àwọn ọmọ kíláàsì mi ń sọ fún mi pé àná ni mo ti kọ ọ́.

Gbogbo ilé ìyàwó mi ló gbà pé èmi ni mo yọ Ìyá nínú omi lọ́jọ́ tí ọkọ̀ dà. Èmi kọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́, abúlé kan lápá Ìkòyí-Ilé ni wọ́n gbé mi lọ. Omi kan tí ìjọba sé ló wà láàárín abúlé náà àti títì. Ẹni tí kò bá fẹ́ fẹsẹ̀ rìn yí omi náà ká títí ẹsẹ̀ á fi wú, ọkọ̀ pákó ni yóò wọ̀. Èmi ọmọ Ọ̀yọ́, níbo ni mo ti fẹ́ mọ omi? Omi tí mo mọ̀ kò ju ti kànga ilé wa àti píọ̀ wọ́tà lọ.

Bàbá Ràímì ló ń tu ọkọ̀ náà. Àgbàlagbà ni wọ́n, wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń sọ fún èrò: kó jókòó, kó má sì dìde títí ọkọ̀ á fi kan ilẹ̀. Wọ́n á sọ ọ́ fún ẹni tó ti ń wọ ọkọ̀ náà láti kékeré, wọ́n á tún sọ ọ́ fún èmi. Kí n má parọ́, ó máa ń bí mi nínú. Èmi tí mò ń pariwo "jókòó" sórí àwọn ọmọ ọlọ́mọ látàárọ̀, ẹnìkan tún ń sọ ọ́ fún èmi náà.

Ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ọ̀ kan ni. Mò ń lọ sílé lọ́dọ̀ ìyá mi l'Ọ̀yọ́. Àwa mẹ́ta la wọkọ̀ lọ́jọ́ náà: èmi, àgbẹ̀ kan tó gbé adìyẹ dání, àti ìyá kan tó wá ra kaṣú lábúlé láti lọ tà ní Ọjà Igbó ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mi ò mọ ìyá náà ju kí n kí wọn "ẹ kú ọjà" lọ. Wọ́n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n fi ẹsẹ̀ méjèèjì há àpò kaṣú wọn kó má baà yí.

A ti kọjá àárín omi dáadáa. Mo wòkè, mo rí mọ́tò tó ń lọ Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí mo ti máa wọ ti Ọ̀yọ́, lójú títì, ó ti ń gbéra. Tó bá lọ, ó di ìrọ̀lẹ́ kí òmíràn tó kún. Mo dìde, mò ń ju ọwọ́ sí dẹ́rẹ́bà. Bàbá Ràímì ní, "Tíṣà, jókòó." Mo gbọ́. Mi ò jókòó. Mo tún gbé ẹsẹ̀ kan lé etí ọkọ̀ kí dẹ́rẹ́bà lè rí mi dáadáa.

Ohun tó dà wá nìyẹn. Kò sí ìjì, kò sí ẹrù àpọ̀jù, omi náà kò bínú sí ẹnikẹ́ni. Tíṣà kan ló dìde dúró.

Àwọn tó mọ ibẹ̀ sọ fún mi lẹ́yìn náà pé omi náà kò jìn, pé ó fi díẹ̀ ju orí èèyàn lọ ni. Ẹni tí kò mọ̀wẹ̀, tí omi bá ti bò ó lórí, òkun ni lójú tirẹ̀. Ọkọ̀ dojú dé, ṣùgbọ́n kò rì. Ọwọ́ mi bà á, mo sì dì í mú. Mo ti ń mí díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ọwọ́ kan gbá mi mú láyà ẹ̀wù. Ìyá oníkaṣú ni. Wọ́n ti di àpò ẹ̀wù mi mú. Ojú wọn là sílẹ̀ kedere, ẹnu wọn wà lábẹ́ omi. Bí wọ́n ṣe ń fà mí ni ìka mi ń yọ̀ lára ọkọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ara yín sípò mi. Mo fi ẹsẹ̀ tì wọ́n sẹ́yìn. Rárá, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, nítorí ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn. Mo ta wọ́n nípàá. Wọn ò fi mí sílẹ̀. Mo tún ta wọ́n nípàá níkùn, mo fi gbogbo agbára mi ṣe é. Àpò ẹ̀wù mi ya, ó bá ọwọ́ wọn lọ. Ìyá rì lójú mi. Ìborùn wọn ló kù lójú omi, ó ń yí lọ yí bọ̀. Ọwọ́ mi kan ṣófo nígbà náà. Mi ò nà án.

Bàbá Ràímì ló yọ wọ́n. Bàbá ti kọ́kọ́ ti àgbẹ̀ aládìyẹ débi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kanlẹ̀. Bí Bàbá ṣe yíjú padà tí wọ́n rí i bí Ìyá ṣe rì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n wọ abẹ́ omi lọ. Ó pẹ́ lójú mi. Ẹ̀yìn Ìyá ni Bàbá ti gbá wọn mú tí wọ́n fi gbé wọn jáde, wọ́n wá fi ọwọ́ Ìyá kọ́ ara ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Lẹ́yìn náà ni Bàbá lọ sí ìdí ọkọ̀, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ wẹ̀, wọ́n ń ti àwa méjèèjì bọ̀ sí èbúté. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí ojú Ìyá wálẹ̀, èmi ni wọ́n kọ́kọ́ rí. Ẹni tó gbé wọn, ẹ̀yìn ló wà.

Nígbà tí a gúnlẹ̀, èmi jókòó sílẹ̀. Bàbá Ràímì kò jókòó. Wọ́n pe orúkọ wa lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní kí oníkálùkù dáhùn kí àwọn lè mọ̀ pé a pé. Wọ́n fi Ìyá dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan títí omi fi jáde lẹ́nu wọn. Wọ́n ní kí àwọn obìnrin bọ́ aṣọ tútù lára Ìyá, kí wọ́n fi aṣọ gbígbẹ wé wọn, kí wọ́n má sì fún wọn ní oúnjẹ kíákíá. Wọ́n fa ọkọ̀ náà gòkè kó má baà léfòó lọ gbá ẹlòmíràn. Wọ́n tún kìlọ̀ pé bí Ìyá bá tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, kí wọ́n gbé wọn lọ sí ọsibítù, nítorí omi tó bá wọ àyà lè dúró dìgbà tí èèyàn bá délé kó tó bá a jà.

Òfin kan wà ní èbúté náà, mi ò mọ̀ bóyá ó wà níbòmíràn. Tí ọkọ̀ bá dà, ì báà kéré, ẹnikẹ́ni kì í kúrò létí omi láìsọ ti ẹnu rẹ̀. Wọ́n á dáná, àwọn tó bọ́ sómi á jókòó yí i ká, Baálẹ̀ á wá. Oníkálùkù á sọ ohun tí òun ṣe nínú omi àti ẹni tó ran òun lọ́wọ́. A kì í gba ti ẹlòmíràn sọ. Atukọ̀ ló máa ń sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, èèwọ̀ sì ni fún un láti dárúkọ ẹni tí òun yọ. Wọ́n ní atukọ̀ tó bá ń ka orí àwọn tó yọ nínú omi, ọjọ́ kan ni omi náà á ka tirẹ̀. Ẹni tí atukọ̀ bá yọ ni kó fẹnu ara rẹ̀ dúpẹ́.

Àgbẹ̀ aládìyẹ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní òun kọ ẹ̀yìn sí wa nígbà tí ọkọ̀ dà, òun ò mọ ohun tó fà á, pé Bàbá Ràímì ló ti òun dé ilẹ̀. Ó dúpẹ́, ó sì ń bú adìyẹ rẹ̀ tó ti bómi lọ. Ó wá kan Ìyá. Ìyá ò tíì lè sọ̀rọ̀ dáadáa. Wọ́n na ọwọ́ ọ̀tún wọn síwájú, wọ́n sì là á.

Àpò ẹ̀wù mi ló wà níbẹ̀.

Ìyá ní, "Ọmọ yìí ló dì mí mú. Èmi náà dì í mú. Kò jẹ́ kí n lọ."

Gbogbo ojú yí sí àyà mi. Ẹ̀wù mi ti ya níbi tí àpò wà tẹ́lẹ̀, òwú ń rọ̀ sílẹ̀. Àwọn obìnrin kúnlẹ̀, wọ́n ń kí mi. Baálẹ̀ mi orí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí èmi náà sọ tèmi.

Mo wo Bàbá Ràímì. Iná ni Bàbá ń wò. Mo mọ̀ pé wọn ò lè sọ ohunkóhun. Mo mọ̀ pé Ìyá ò mọ̀. Kò sí ẹlòmíràn láyé tó lè sọ ọ́ àfi èmi, ìyẹn ló sì mú mi lọ́kàn le, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo irú ènìyàn tí mo jẹ́. Mo tẹrí ba, mo ní, "Ọlọ́run ló ṣe é."

Ẹ̀yin náà mọ bí a ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn nílẹ̀ wa. Ẹni tó bá ṣe oore tí kò fẹ́ fọ́nnu ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n tún kí mi ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mi ò sọ pé mo dìde nínú ọkọ̀.

Bàbá Ràímì ló kù. Wọ́n ní, "Mo wọ omi, mo jáde. Ọwọ́ mi ni ọkọ̀ ti dà." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Baálẹ̀ bi wọ́n pé kí ló fa dída náà, wọ́n ní àwọn ti sọ tàwọn. Gbogbo èèyàn wá ro ọ̀rọ̀ náà pọ̀, wọ́n sì parí rẹ̀ fúnra wọn: Bàbá ti dàgbà, ọwọ́ wọn ò gba ìtukọ̀ mọ́, ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n lè yọ, tíṣà tí kò mọ̀wẹ̀ ló yọ obìnrin. Kí oṣù náà tó parí, Baálẹ̀ ti gba èbúté lọ́wọ́ wọn, ó gbé e fún ẹlòmíràn. Bàbá Ràímì kó lọ sí Ìrẹsà, wọ́n ń bá àwọn olóko ro oko.

Èmi? Ìyá kò jẹ́ kí n lọ Ọ̀yọ́ lọ́jọ́ náà. Ilé wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n mú mi lọ láti ọsibítù. Àwọn ọmọ wọn ọkùnrin dọ̀bálẹ̀ fún mi, àwọn tó jù mí lọ. Mùíbátù, ọmọ wọn obìnrin, ló gbé omi gbígbóná wá fún mi láti wẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé omi ò tíì sú mi. Ẹ̀rín yẹn wọ̀ mí lára. Tí kì í bá ṣe ọ̀rọ̀ omi, wọn ò ní fún tíṣà abúlé tí kò ní ju báàgì kan lọ ní ọmọ wọn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àgbà, tí wọ́n ń pè ní Àlàájì, sọ ọ́ lójú gbogbo ẹbí lọ́jọ́ tí a lọ tọrọ rẹ̀, pé ẹni tó yọ ìyá àwọn, kí ló kù tí àwọn fẹ́ fi dù ú. Bàbá mi lu àyà. Mo fẹ́ràn Mùíbátù, Ọlọ́run mọ̀, mo ṣì fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n irọ́ ni mo fi gbé e.

Mo rò ó pé ọ̀rọ̀ náà á tán lẹ́yìn ìgbéyàwó. Kò tán. Lọ́dọọdún ni Ìyá máa ń ṣe sàráà nítorí ọjọ́ náà. Àwọn àlùfáà á wá, wọ́n á gbé mi sáàárín ẹní. Ìyá á gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n á ní, "Bí o ṣe ṣe sí mi lọ́jọ́ omi, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kí Ọlọ́run ṣe sí ọ lọ́jọ́ tí o bá ń wá ẹni tí o máa dì mú." Gbogbo ilé á ṣe àmín. Èmi náà á ṣe àmín. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ wo irú àdúrà tí mò ń ṣe àmín sí láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá.

Ọdún kan, mo dọ́gbọ́n, mo ní ibà ń ṣe mí, mo jókòó sílé l'Ọ̀yọ́. Kí oòrùn tó kanrí, mo gbọ́ ìró mọ́tò lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá ti kó àlùfáà, kó ẹní, kó ìkòkò àkàrà, wọ́n ní àwọn ò lè ṣe é lẹ́yìn olóore. Mo sá fún sàráà, sàráà wá bá mi nílé. Mùíbátù máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní ẹni tó yọ ìyá òun nínú omi ni òjò tó ṣú lásán ń lé wọ yàrá. Mo máa ń bá a rẹ́rìn-ín. Mi ò tún wọ ọkọ̀ ojú omi mọ́ láti ọjọ́ náà, mo bẹ̀bẹ̀ títí wọ́n fi gbé mi kúrò ní abúlé yẹn.

Èyí tó tún burú jù ni pé mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi ní ohun tó yẹ kí èèyàn ṣe tí ọkọ̀ bá dà. Mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n jókòó, kí wọ́n ka ara wọn nígbà tí wọ́n bá gúnlẹ̀, kí wọ́n bọ́ aṣọ tútù, kí wọ́n lọ sí ọsibítù, kí wọ́n fa ọkọ̀ kúrò lójú ọ̀nà. Gbogbo ohun tí Bàbá Ràímì ṣe ni mo sọ di ẹ̀kọ́. Àwọn ọmọ á pàtẹ́wọ́. Èyí tó gbẹ̀yìn, pé kí wọ́n jókòó sídìí iná kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n ṣe, mi ò fi kún un rí.

Ó kan wàsíyà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí gbogbo wa pé sí yàrá, Ìyá ní kí Mùíbátù gbé àwọn jókòó ti ògiri. Wọ́n ti fúyẹ́ gan-an. Wọ́n fa àpò ẹ̀wù mi yọ lábẹ́ ìrọ̀rí. Mo mọ̀ pé wọ́n tọ́jú rẹ̀, mi ò mọ̀ pé wọ́n ti rán etí rẹ̀ kó má baà tú mọ́. Wọ́n ní ọmọkùnrin mi àgbà ni kí a gbé e fún lẹ́yìn àwọn, kó lè mọ irú ọkùnrin tó bí i. Ilẹ̀ ni mò ń wò. Ìyá wá ní, "Ẹni tó gbé mi jáde nínú omi ni kó gbé mi wọ ilẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣáájú rẹ̀ wọ kòtò."

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹ̀tọ́ ọmọ ọkùnrin nìyẹn. Mo wo Àlàájì. Ó dùn ún, mo rí i lójú rẹ̀. Ó gbé e mì, ó ní bí ìyá àwọn ṣe wí ló máa rí. Èmi dọ̀bálẹ̀, mo dúpẹ́. Kí ni mo tún lè ṣe?

Lọ́jọ́ kejì, mo padà wọlé tọ Ìyá lọ, èmi nìkan. Mo ti pinnu. Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, mo ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ ọjọ́ omi yẹn." Ìyá mú ọwọ́ mi, wọ́n gbé e lé àyà wọn. Wọ́n ní ọwọ́ yìí ló jẹ́ kí àwọn rí ọmọ ọmọ, pé ìgbàkígbà tí ẹ̀rù ikú bá ń ba àwọn, àwọn máa ń rántí pé ẹnìkan ti di àwọn mú rí, ẹ̀rù náà á sì lọ. Mo ní, "Ẹ ṣeun, Ìyá." Mo dìde, mo jáde.

Mo wá ronú ọgbọ́n mìíràn. Mo gba Ìrẹsà lọ, mo wá Bàbá Ràímì kàn. Wọ́n jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n ń pa ẹ̀gúsí. Wọ́n dá mi mọ̀ kí n tó kí wọn tán. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni pé ṣé ìyá oníkaṣú ṣì ń wúkọ́, nítorí omi wọ àyà wọn púpọ̀ lọ́jọ́ náà. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú èèpo ẹ̀gúsí. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bá mi dé Ògbómọ̀ṣọ́, kí wọ́n bá mi sọ fún Ìyá bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́. Mo ní ọ̀rọ̀ náà á rọrùn láti gbọ́ lẹ́nu wọn ju lẹ́nu tèmi lọ.

Bàbá ní kí n dìde. Wọ́n ní, "Mo rí ẹsẹ̀ rẹ lọ́jọ́ náà, Tíṣà. Mi ò bínú sí i. Ẹni tó ń rì kì í mọ ohun tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ṣe. Èyí tí o ṣe nídìí iná, ilẹ̀ gbígbẹ lo wà nígbà yẹn."

Mo sunkún. Wọ́n jẹ́ kí n sun ún tẹ́rùn. Nígbà tí mo tún bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n tẹ̀ lé mi, wọ́n ní àwọn kì í gba ti ẹlòmíràn sọ, àwọn ò ṣe é nígbà tí wọ́n gba èbúté lọ́wọ́ àwọn, àwọn ò ní í torí tèmi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní tèmi ṣì wà nílẹ̀ níbẹ̀, mi ò tíì sọ ọ́. Wọ́n bu ẹ̀gúsí fún mi pé kí n gbé e fún Ìyá. Ẹ̀gúsí náà wà ní kíṣìnì wa, Mùíbátù bi mí ẹni tó fún mi, mo ní òbí ọmọ kan níléèwé ni. Irọ́ mìíràn tún nìyẹn.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ wo bí mo ṣe há. Tí mo bá sọ ọ́, mo gba ohun kan ṣoṣo tí Ìyá fi ń lé ẹ̀rù ikú lọ kúrò lọ́wọ́ wọn, wọ́n á sì kú nínú ìbànújẹ́. Mi ò mọ ojú tí Mùíbátù á fi wò mí. Àwọn ọmọ mi á gbọ́. Tí mi ò bá sọ ọ́, èmi tí mo fi ẹsẹ̀ ti ìyá yìí sábẹ́ omi ni màá fi ọwọ́ méjèèjì gbé wọn sábẹ́ ilẹ̀, tí Àlàájì tó bí wọn á dúró lókè máa wò mí. Bàbá Ràímì á sì kú sí Ìrẹsà gẹ́gẹ́ bí atukọ̀ tó fi obìnrin sílẹ̀ nínú omi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà tó wà láàárín yín, ẹ̀yin àlùfáà, ẹ̀yin tí ẹ ti há irú báyìí rí, ẹ bá mi dá sí i.

Láti ọjọ́ wàsíyà ni Ìyá ti ń pè mí lórí fóònù láràárọ̀ láti ṣe àdúrà yẹn fún mi. Ohùn wọn ń kéré sí i. Láàárọ̀ òní, nígbà tí wọ́n parí rẹ̀, mi ò ṣe àmín.

Ìyá ní, "Tíṣà mi, ṣé o wà níbẹ̀?"

Mo ní mo wà níbẹ̀.

Wọ́n ní, "Ṣe àmín nígbà náà, kí n lè sùn."

Mo ṣe é. Mo gbọ́ tí Mùíbátù, tó ti lọ ń tọ́jú wọn láti àná, gba fóònù lọ́wọ́ wọn, tó ń fi aṣọ bò wọ́n. Ọ̀la ni wọ́n tún máa pè, tí Ọlọ́run bá jẹ́ kí wọ́n jí. Ẹ dárí jì mí, ẹ sì dá mi lóhùn kíákíá, ẹ jọ̀ọ́: kí ni kí n sọ fún wọn?